Ìgbà tí ọmọ kan ṣoṣo bá wà lọ́wọ́ mi

Aago márùn-ún ìdájí ò tíì lù. Wọn ò tíì pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé wa, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará òkè ti dákẹ́ láti bí aago méjì, gbogbo àdúgbò wa ní Ẹlẹ́yẹlé n'Ìbàdàn pa lọ́lọ́, Kẹ́hìndé sì ti lajú. Kì í sunkún tó bá jí lásìkò yẹn o, á kàn lajú sílẹ̀ nínú òkùnkùn ni, á máa fi ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ ha nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ìró yẹn ò ju ìró eku nínú bébà lọ, ṣùgbọ́n bó ti wù kí oorun mi wọra tó, màá gbọ́ ọ. Màá nawọ́ sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, màá rọra fà á yọ kí n má baà jí Táyé tó na apá méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, a ó jáde sí pálọ̀, èmi àti òun nìkan, a ó lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn ti ń wọlé.

A kì í ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Á gbé orí lé mi láyà, á mú ọwọ́ mi kan, á máa fọwọ́ kan ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá èyí tó sọnù, tó bá dé ìdí òrùka ìgbéyàwó mi á dúró síbẹ̀, á máa yí i. Èmi náà á máa gbóòórùn orí ẹ̀, àdí àgbọn tí mo fi pa á lálẹ́ àti òógùn oorun. Nígbà míì màá sọ̀rọ̀ sí i létí, nígbà míì mi ò ní sọ nǹkan kan. Ìṣẹ́jú 30, tó bá pẹ́ jù ìṣẹ́jú 40, Táyé á jí, á fi igbe bọnu, ilé á sì bẹ̀rẹ̀.

Látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ibẹ̀ yẹn ni ọkàn mi ti máa ń wálẹ̀ jù. Ó sì pẹ́ kí n tó lè sọ ọ́ síta, torí pé ohun tó wà nídìí ẹ̀ ò rọrùn láti sọ lẹ́nu ìyá ìbejì nílẹ̀ Yorùbá. Ohun tó ń fún mi nísinmi níbẹ̀ ni pé ọmọ kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi wá wọn. Mo gbààwẹ̀, mo lọ sílé ìwòsàn, mo lọ sórí òkè, mo gbé ìtìjú mì ní gbogbo ilé ìkómọ tí wọ́n pè mí sí, torí náà kò sí ọjọ́ kan tí mo fẹ́ kí ìkankan nínú wọn má sí. Mo kàn fẹ́ sọ bó ṣe rí ni, nítorí ìyá míì tó wà níbì kan báyìí tó ń rò pé nǹkan ń ṣe òun.

Ọ̀sẹ̀ 36 ni mo gbé oyún dé. Táyé wọn kílò 2.3, Kẹ́hìndé wọn 2.1. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ sọ fún mi pé ọmọ jòjòló máa ń mu ọyàn tó ìgbà 8 sí 12 láàárín ọ̀sán àti òru, mo wá ṣírò ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, fún ọmọ méjì ó di ìgbà 16 sí 24. Tẹ́ ẹ bá mú ìgbà 20, kí ìkọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú 25, ó ti lé ní wákàtí 8, ẹ ò tíì gbá ìkankan lẹ́yìn kó gùnfẹ̀, ẹ ò tíì pààrọ̀ ìlédìí, ẹ ò tíì fọ ohunkóhun, ẹ ò tíì fi oúnjẹ kan ẹnu ara yín. Télọ̀ ni mí, mo ní ìwé kan tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn kọ́sítọ́mà, ìwé yẹn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ ẹni tó mu ọyàn àti apá ibi tó mu. Mo ṣì ní in lọ́wọ́. Lójú ewé kan ẹ máa rí ìwọ̀n àyà àti ìdí ìyá kan tó fẹ́ rán ìró àti bùbá, nísàlẹ̀ ẹ̀ ẹ máa rí "T ọ̀tún 1:10, K òsì 1:45, T òsì 3:00, K ?". Àmì ìbéèrè yẹn ń dùn mí títí dòní, torí mi ò rántí bóyá Kẹ́hìndé jẹun lóru ọjọ́ yẹn tàbí mo sùn lọ kó tó kàn án.

Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé tí wọ́n bá ti sùn, kí ìwọ náà sùn. Wọ́n fẹ́ mi fẹ́re ni, mo mọ̀. Ọmọ tuntun máa ń sun tó wákàtí 14 sí 17 lójúmọ́ lóòótọ́, àmọ́ gígé ló máa ń gé e, wákàtí méjì níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún, àwọn tèmi ò sì gé e síbì kan náà. Bí ọ̀kan ṣe ń pajú dé ni èkejì ń lajú. Ó dà bí ìgbà táwọn sójà bá ń pààrọ̀ iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́, wọn ò jẹ́ kí ojúkò ṣófo.

Màámi wá bá mi wẹ ọmọ fún oṣù mẹ́ta. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wọ́n á jókòó sórí àpótí kékeré, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á tẹ́ ọmọ kan sórí itan, omi gbígbóná, kànìnkànìn, ọṣẹ, wọ́n á na apá, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á fọwọ́ tẹ orí kó lè rí roboto, wọ́n á da omi sí ìdodo, lẹ́yìn náà wọ́n á nà án sí mi, màá na èkejì sí wọn. Ọmọ tí Màámi bá wẹ̀ máa ń sùn bí ẹni tó mu nǹkan. Bàbá wọn náà gbìyànjú. Lọ́dún 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 14 fáwọn òṣìṣẹ́ ọba lọ́kùnrin tí ìyàwó wọn bá bímọ, àmọ́ kọ́ńpìnnì aládàáni ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fún un, ó sì bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó fún un. Nígbà tí Màámi padà sílé, tí ilẹ̀kùn ti pa dé lẹ́yìn wọn, mo dúró láàárín pálọ̀, ọ̀kan wà lẹ́yìn mi, ọ̀kan wà láyà mi, mi ò mọ ibi tí màá gbé ara mi sí.

Mo fẹ́ padà sórí ọjọ́ tí wọ́n dé, torí pé ibẹ̀ ni mo rò pé nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ìṣẹ́jú 14 ló wà láàárín wọn. Gbogbo wa la mọ ohun táwọn àgbà sọ, pé Kẹ́hìndé ló rán Táyé níṣẹ́, pé kó lọ tọ́ ayé wò kó wá jíṣẹ́ bóyá ó dùn, igbe tí Táyé bá ké ni Kẹ́hìndé máa gbọ́ tó máa fi tẹ̀lé e, ìdí nìyẹn tí ẹni tó dé kẹ́yìn fi jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ. Ohun tẹ́nì kankan ò sọ fún mi ni bí ìṣẹ́jú 14 yẹn ṣe máa ń rí fún ìyá. Wọ́n gbé Táyé lé mi láyà, ó gbóná, ó rin, ó ké díẹ̀ ó dákẹ́, yàrá yẹn wá rí bí ìgbà tí gbogbo èèyàn jáde bẹ́ẹ̀ wọ́n wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì ń rìn, dókítà ń sọ̀rọ̀, irin ń kan irin, mi ò gbọ́ tiwọn. Ọmọ kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi, ọmọ kan ṣoṣo ló wà nínú mi. Mo ń wo ọ̀kan, èkejì ń yí sí ibi tí ó ní àyè báyìí, mo sì ń mọ̀ ọ́n lára, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mélòó kan mo mọ èwo ni èwo. Lẹ́yìn náà ìrora dé, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ṣùgbọ́n mo ti tọ́ ọ wò.

Lẹ́yìn ìyẹn ó tó oṣù méje kí n tó tún rí irú ẹ̀. Ibà mú Táyé, ara ẹ̀ ń jó bí iná, ọkọ mi dúró ti Kẹ́hìndé nílé, mo pọn Táyé mo wọ màrúwá lọ sílé ìwòsàn. Èrò pọ̀. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti aago mẹ́jọ títí di mọ́kànlá àbọ̀, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, ibà náà ni lóòótọ́, wọ́n fún wa lóògùn. Láàárín gbogbo ìyẹn, ara ọmọ ò yá, ẹ̀rù ń bà mí, síbẹ̀ nǹkan kan nínú mi wálẹ̀. Mo ní ọwọ́ méjì fún ọmọ kan. Tó bá fẹ́ omi, mo fún un lómi, kò sẹ́ni tó ń ké nítòsí tí mo ní láti dá lóhùn. Ó fi orí ti ọrùn mi, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí, mo wá rí i pé ìpéǹpéjú ẹ̀ gùn, ó gùn gan-an, ó ká sókè lẹ́bàá ojú bíi ti bàbá ẹ̀. Oṣù méje! Mo ti wẹ̀ ẹ́, mo ti fún un lọ́mú, mo ti pọ̀n ọ́n, mi ò rí i. Ẹni tó bá ń wo ọmọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó ń yẹ̀ wọ́n wò ni, ṣé kò sẹ́ni tó ṣubú, ṣé kò sẹ́ni tó fi nǹkan sẹ́nu, kò ráyè wo ojú.

Mo sunkún nínú màrúwá nígbà tá à ń padà. Onímàrúwá rò pé ọmọ ló ń ṣàìsàn gan-an, ó ń ṣàdúrà fún mi, mo ń ṣe àmín. Ohun tí mo ń sunkún sí ni pé ara mi balẹ̀ níbi tí ara ọmọ mi ò ti yá, àti pé ara mi balẹ̀ torí pé Kẹ́hìndé ò sí níbẹ̀. Irú ìyá wo nìyẹn? Ìbéèrè yẹn ni mo gbé kiri fún oṣù tó pọ̀, mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́, àní ọkọ mi.

Ibi tá a ń gbé dá kún un. Ilẹ̀ Yorùbá wà lára ibi tí ìbejì ti pọ̀ jù láyé yìí. Dókítà Nylander tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn láwọn ọdún 1960 sí 1970 ka ìbejì lágbègbè wa, Ìgbó-Ọrà wà lára ibi tí wọ́n kà, ohun tí wọ́n sì rí ni pé nínú ìbímọ 1,000, ìbejì lé ní 40, bẹ́ẹ̀ láwọn ìlú Òyìnbó ìgbà yẹn kò tó ìdajì ìyẹn rárá. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló jẹ́ irú tèmi, ẹyin méjì, ọkùnrin kan obìnrin kan tàbí àwọn tí wọn ò jọra. Àwọn ará Ìgbó-Ọrà ní ìlasa àti àmàlà ló ń fà á, wọ́n sì máa ń ṣọdún ìbejì níbẹ̀ ní oṣù kẹwàá, ankara kan náà, fìlà kan náà, tàgbà tèwe. Ẹ wá wò ó, nírú ilẹ̀ báyìí, ta ló fẹ́ gbọ́ pé ìyá ìbejì ń wá ibi tó máa ti rí ọmọ kan? Tí mo bá wọ ọjà Bódìjà pẹ̀lú wọn, ìyá aláta á dìde, á nawọ́, á fi náírà sí wọn lọ́wọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n, Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, ọmọ ẹdun tí ń ṣeré orí igi, wínrinwínrin lójú orogún, ẹ̀jì wọ̀rọ̀ lójú ìyá ẹ̀. Orí mi máa ń wú, mi ò purọ́. Omi á lé sí mi lójú láàárín ọjà. Ẹ̀jì wọ̀rọ̀ ni wọ́n lójú mi lóòótọ́, àmọ́ mo máa ń rìn kúrò níbẹ̀ kí n máa rò ó pé, ọ̀kan ńkọ́? Nígbà wo ni ojú ìyá ń bà lé ọ̀kan?

Màámi ló tú u fún mi, wọn ò sì mọ̀ pé nǹkan tí wọ́n ń ṣe nìyẹn.

Ìgbà tí àwọn ọmọ pé ọdún kan, ìyá ọkọ mi ní dandan ká se ẹ̀wà fáwọn ọmọdé àdúgbò, pé ẹ̀wà ni oúnjẹ ìbejì, Màámi sì wá láti Ìsẹ́yìn. Ẹ̀wà olóyin ni mo rà, kóńgò mẹ́jọ. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú, lẹ́yìn tí wọ́n ti sùn lọ́sàn-án, nítorí Ọlọ́run àwọn méjèèjì sùn pa pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, èmi àti Màámi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a gbé àtẹ méjì sílẹ̀, à ń ṣa ẹ̀wà. Tẹ́ ẹ bá ti ṣa ẹ̀wà rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ máa fọwọ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ẹ máa fi ìka kan fà á sọ́dọ̀ ara yín díẹ̀díẹ̀, òkúta síbí, èyí tí kòkòrò ti lu síbí, ojú yín wà níbẹ̀, ọwọ́ yín wà níbẹ̀, ọkàn yín á wá lọ síbi tó bá wù ú. Kò sóhun tó dà bí ẹ̀ nínú iṣẹ́ ilé. Mo ti wá rí i pé ọwọ́ tó ní nǹkan kékeré kan tó ń ṣe ló ń mú mi simi, ju kí n dùbúlẹ̀ kí n máa wo àjà lọ.

Bá a ṣe ń ṣa á, Màámi kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìyá wọn. Ìdòwú ni orúkọ Màámi, torí náà mo ti mọ̀ látilẹ̀ pé ìbejì wà níwájú wọn, mo mọ bọ̀ọ̀dá wọn tó jẹ́ Táyé dáadáa kí wọ́n tó kú, mo sì mọ̀ pé Kẹ́hìndé kò dàgbà. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ìyókù. Wọ́n ní ibà ló gbé Kẹ́hìndé lọ, kò tíì pé ọdún kan, Màmá Àgbà sì lọ sọ́dọ̀ agbẹ́gilére, wọ́n bá wọn gbẹ́ ère.

Mo dáwọ́ ẹ̀wà dúró. Mo ti rí ère ìbejì rí, nígbà tí mo wà ní JSS 2 tí wọ́n kó wa lọ sí Mùsíọ̀mù ní Oníkan l'Ékòó, wọ́n tò wọ́n sínú gíláàsì, wọ́n kúrú, orí wọn tóbi, irun wọn dúró ṣóńṣó, ojú àwọn kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, olùkọ́ wa sọ fún wa pé ìwẹ̀ tí wọ́n ń wẹ̀ wọ́n àti oúnjẹ tí wọ́n ń fi sí wọn lẹ́nu ló jẹ ẹ́. Mo gbọ́, mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo kọjá. Mi ò rò ó rí pé ẹnì kan nínú ilé wa ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ pa irú ojú yẹn rẹ́.

Màámi ní àràárọ̀ ni Màmá Àgbà máa ń wẹ Táyé, wọ́n á fún un lọ́mú, wọ́n á gbé e fún ẹni tó bá wà nílé, wọ́n á wá jókòó wẹ ère. Wọ́n á fi osùn pa á lára, wọ́n á fi ẹ̀lú kun irun ẹ̀, wọ́n á wé aṣọ kékeré mọ́ ọn, aṣọ òkè gan-an, Ìsẹ́yìn kúkú ni, wọ́n á tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Táyé tó bá sùn. Wọ́n ṣe é títí Táyé fi ń rìn, títí wọ́n fi lóyún Màámi. Nígbà tí wọ́n di onígbàgbọ́, wọ́n kó o sísàlẹ̀ àpótí aṣọ, wọn ò wẹ̀ ẹ́ mọ́, wọn ò sì jù ú nù. Màámi ní àwọn bi wọ́n lọ́jọ́ kan, àwọn ti tó ọlọ́mọge, pé ṣé wọ́n gbà pé ọmọ ló wà nínú igi yẹn ni? Màámi ní Màmá Àgbà ò dá ìyẹn lóhùn. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ìgbà tí mo bá ń wẹ igi yẹn nìkan ni ìdí mi ń kanlẹ̀."

Màámi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n mú òkúta kan kúrò nínú ẹ̀wà, wọ́n sọ ọ́ nù.

Mi ò lè sọ̀rọ̀. Èmi tí mo ti ń dá ara mi lẹ́jọ́ pé mo fẹ́ ọmọ kan lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù fún ìyá ìyá mi, tí wọ́n sì gbẹ́ igi kó lè pé méjì, síbẹ̀ nínú ẹ̀dùn ọkàn yẹn ìgbà tí wọ́n ń dá jókòó ti ọ̀kan ni ara wọn ń balẹ̀. Wọ́n ń wẹ èyí tó wà láàyè, lẹ́yìn náà wọ́n á wẹ èyí tí kò sí. Wọn kì í wẹ̀ wọ́n pọ̀. Oníkálukú ní omi tiẹ̀, oníkálukú ní àsìkò tiẹ̀ lọ́wọ́ ìyá. Ó wá yé mi pé kì í ṣe pé mo fẹ́ kí ọ̀kan kúrò. Mo fẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní mi ni.

Mo sọ ti ilé ìwòsàn fún Màámi lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ẹ̀, títí kan ẹkún inú màrúwá. Kò yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní, "Ìwọ náà ṣá ń bẹ lọ́wọ́ mi báyìí, ìwọ nìkan." Àwa mẹ́rin ni Màámi bí.

Láti ìgbà yẹn ni mi ò ti fi bò mọ́. Mo sọ fún bàbá wọn, a jọ wá ọgbọ́n sí i. Tó bá dọjọ́ Sunday lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó máa ń mú ọ̀kan jáde, wọn kì í rìn jìnnà, wọ́n lè lọ wo omi Ẹlẹ́yẹlé láti ojú títì tàbí kí wọ́n lọ ra búrẹ́dì, èkejì á wà pẹ̀lú mi, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e a máa ń pààrọ̀. Àwọn kan bá wa wí pé wọn kì í ya ìbejì. Mo dákẹ́ fún wọn. Wákàtí kan ààbọ̀ péré ni, tí wọ́n bá sì padà pàdé lẹ́nu ọ̀nà, ariwo ayọ̀ tí wọ́n máa ń pa, ẹ máa rò pé ọdún ni wọn ò fojú kan ara wọn.

Kẹ́hìndé ló ni ìdájí. Táyé ní tiẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ló wà. Ọmọ yìí fẹ́ràn ìró máṣíìnì láti inú oyún, mo gbà bẹ́ẹ̀, torí mo ránṣọ títí di ọ̀sẹ̀ 35. Lọ́sàn-án tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ń sùn lórí ẹní lẹ́yìn kọ́tìnnì, òun á wá jókòó sábẹ́ tábìlì máṣíìnì mi, á fẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ mi ọ̀tún, èyí tí mi ò fi tẹ máṣíìnì, màá máa tẹ̀ ẹ́, òun á máa kùn, ohùn kan náà pẹ̀lú máṣíìnì, tí mo bá dúró á dúró, tí mo bá tún tẹ̀ ẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń kó gbogbo iṣẹ́ gígùn pa mọ́ fún àsìkò yẹn, etí ìró, ìsàlẹ̀ gáùn, ohun tí òwú máa sáré lórí ẹ̀ láìdúró. Mi ò kì í fi sísọ́ọ̀sì tàbí abẹ́rẹ́ sí ìtòsí o, gbogbo ẹ̀ wà lókè nínú kọ́bọ́ọ̀dù kó tó wọlé. Mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ yàtọ̀ báyìí. Ó máa ń kùn láti inú àyà, Kẹ́hìndé máa ń kùn láti imú. Tẹ́lẹ̀, "ariwo àwọn ọmọ" ni gbogbo ẹ̀ lójú mi.

Òjò náà ń ṣe mí lóore. Òjò alẹ́ lórí páànù máa ń mú wọn sùn ní ìṣẹ́jú márùn-ún, iná á sì lọ dandan, fóònù mi ò ní lè gba ṣáájì, mi ò ní lè ránṣọ, mi ò ní lè lọ aṣọ. Màá kàn jókòó. Àmọ́ òjò ò ṣeé fọkàn tẹ̀, ìdájí ni mo fọkàn tẹ̀.

Wọ́n ti pé ọdún kan àti oṣù márùn-ún báyìí. Kẹ́hìndé ti ń sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó ń pe bọ́tìnnì ní "tìnnì", ó mọ̀ ọ́n yí, ó mọ̀ ọ́n fà já. Táyé ti ń sáré. Mo mọ̀ pé ìdájí yìí ò ní pẹ́ mọ́, oorun ẹ̀ ti ń gùn sí i, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ẹ̀ẹ̀mejì ló sùn kọjá àsìkò.

Láàárọ̀ yìí, mo jí fúnra mi ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 40. Mo tẹ́tí, mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ lára nẹ́ẹ̀tì. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo ń dúró, wọ́n pe ìrun, àkùkọ ilé kejì kọ, kò sẹ́ni tó mira. Mo dìde, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo fi ọwọ́ bò ó kó má mọ́lẹ̀ jù, mo ká nẹ́ẹ̀tì sókè. Táyé ti yí dé ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan wà lórí ikùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo wò ó pẹ́, lẹ́yìn náà mo wo Kẹ́hìndé, etí ẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀, ìka márùn-ún tó ká mọ́ etí ìró mi tí mo fi bò wọ́n. Kò tíì jí. Mo pa tọ́ọ̀ṣì náà, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo na ọwọ́ mi tó ní òrùka sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, mo fi sílẹ̀ níbẹ̀.